Láti Tápólì Dé Páànù: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Lórí Àtíbàbà Ọkọ̀ Kan

Àtíbàbà ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, irú èyí tí wọ́n ń tà nínú páálí ni: páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́, oríkèé tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀, tápólì funfun kan, àti okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń de tápólì mọ́ páìpù. Ó fẹ̀ ní mítà 3, ó gùn ní mítà 6, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló fi dúró, òrùlé rẹ̀ sì dà sí apá méjì. Ẹni tó ni ín jù mí lọ lọ́jọ́ orí, nítorí náà Ẹ̀gbọ́n ni n ó máa pè wọ́n. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n ṣe kò gùn lẹ́nu: "Àbúrò, bá mi ká àkísà yìí kúrò, kí o kan páànù sí i. Irin ṣáà ti wà nílẹ̀."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dá lé. Irin wà nílẹ̀ lóòótọ́. Irú irin wo ni, kí sì ni wọ́n ṣe é láti gbé? Ohun tí mo lọ wò nìyẹn.

Ohun tí a bá níbẹ̀

Tápólì náà ti gbó. Polyethylene, irú ike kan, ni wọ́n fi ń hun irú rẹ̀, oòrùn sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ìtànṣán oòrùn á máa jẹ okùn inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi máa rún mọ́ni lọ́wọ́. Ní góńgó òrùlé, níbi tó ti ń fi ara gbo páìpù, ó ti là gbooro. Láàárín páìpù kan sí èkejì ó ti rọ̀, omi òjò sì máa ń dúró síbẹ̀. Àwọn èèyàn kì í ka omi yẹn sí ẹrù, bẹ́ẹ̀ lítà omi kan, kílò kan ni. Adágún tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 10, ọgọ́rùn-ún kílò ló wà nínú rẹ̀. Páìpù àárín ti tẹ̀ sísàlẹ̀ kí n tó débẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu.

Mo fi kálípà wọn irin náà. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38, nínípọn rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 1 péré. Òde ara rẹ̀ ṣì ń dán nítorí síńkì tí wọ́n fi bò ó. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe tú oríkèé kan báyìí, ìpẹtà pupa ló dà sí mi lọ́wọ́. Omi ti ń gba ojú bóòtù wọlé, kò sì rí ọ̀nà jáde. Mo fi òòlù kan àwọn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì láti òkè wá sísàlẹ̀. Lókè, ó ń dún gbangan. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n kan ilẹ̀, ohùn rẹ̀ kú. Mo fi orí ṣúkúdiráfà ti ibẹ̀, ó sì wọlé láìjà. Awo irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìṣó gígùn méjì ló sì so ó mọ́lẹ̀. Mo fi ọwọ́ lásán fa ọ̀kan jáde, mo gbé e fún Ẹ̀gbọ́n. Ó kéré tán, a ò dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ kí a tó rí fùrọ̀ adìyẹ.

Wọ́n yí ìṣó náà lọ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, kò sì wó."

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Kò wó. Ohun tí kò jẹ́ kó wó ló sì yẹ kí a mọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé páànù kan lé e.

Ohun tó ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀

Tápólì tí wọ́n ń pè ní àkísà yẹn gan-an ló ń gba irin náà là. Bí ìjì bá dé, okùn rọ́bà á kọ́kọ́ nà, lẹ́yìn náà á já. Etí tápólì á ṣí, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, irin á sì bọ́. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn jẹ́rìí sí i pé àìmọye ìgbà ni àwọn ti ra okùn rọ́bà tuntun. Gbogbo okùn tó já yẹn, dípò ẹsẹ̀ tí ì bá fò kúrò nílẹ̀ ni.

Páànù kò ní okùn rọ́bà. Bí sukúrù bá ti dè é, gbogbo agbára ìjì yóò bọ́ sára irin àjà, yóò gba òpó lọ sí ẹsẹ̀, yóò gba ẹsẹ̀ lọ sí ilẹ̀. Ibi tó bá rọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn ni yóò kọ́kọ́ já. Níhìn-ín, a ti mọ ibẹ̀: ìṣó tí ọwọ́ lásán fà jáde.

Ìwọ̀n ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù bí wọ́n bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí, Ẹ̀gbọ́n náà sì ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Mo ṣírò rẹ̀ níwájú wọn. Tápólì tí mítà ìgun mẹ́rin rẹ̀ kan (ìyẹn mítà 1 sí mítà 1) wọn gíráàmù 180, bí ó bá bo òrùlé yìí, gbogbo rẹ̀ kò tó kílò 4. Páànù onígbì tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, tí a bá fi bo ibẹ̀, yóò sún mọ́ ọgọ́rùn-ún kílò. Ìyàtọ̀ náà ga. Síbẹ̀, bí ẹ bá pín ọgọ́rùn-ún kílò sí ẹsẹ̀ mẹ́fà, kò dé kílò 17 lórí ẹsẹ̀ kan, omi òjò sì ti gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ lé páìpù yìí rí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Afẹ́fẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ìṣirò tó wà fún agbára afẹ́fẹ́ kò le. Ẹ mú bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ara rẹ̀, kí ẹ tún sọ èyí tí ẹ bá rí di púpọ̀ lọ́nà 0.613. Iye nẹ́wútìn (òṣùwọ̀n agbára) tí yóò máa ti mítà ìgun mẹ́rin kan nìyẹn. Ìjì tó ń sáré ní mítà 25, tó jẹ́ kìlómítà 90 ní wákàtí kan, yóò fún wa ní 383, èyí tó tó agbára kílò 39. Òrùlé tí a fẹ́ ṣe yóò bo nǹkan bíi mítà ìgun mẹ́rin 20. Bí gbogbo agbára yẹn bá gba abẹ́ rẹ̀ wọlé tó ń gbé e lọ sókè, kílò 780 ni. Bí ìjì náà bá wá dé mítà 35, tó jẹ́ kìlómítà 126 ní wákàtí kan, ó ti lé ní kílò 1,500. Eré afẹ́fẹ́ kò tíì fi ìdajì lé sí i o, agbára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ìṣirò ẹni tó ń ṣọ́ra ni mo ṣe yẹn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní tábìlì ìṣirò tí wọ́n fi ń dín in kù tàbí fi kún un, gẹ́gẹ́ bí ìdagẹ̀rẹ́ òrùlé, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ṣí tàbí bó bá dí, àti bí ilẹ̀ àyíká bá ṣe tẹ́jú tó. Etí òrùlé àti igun rẹ̀ sì ń jẹ ìyà ju àárín lọ. Ṣùgbọ́n kókó rẹ̀ kò yí padà. Páànù ń fi ọgọ́rùn-ún kílò tẹ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fi ọgọ́rùn-ún méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ fà á sókè. Bí òrùlé tí kò ní ògiri ṣe ń wá ẹni tí yóò gbé e ró, ó ń wá ẹni tí yóò dì í mú mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí a ṣe lẹ́yìn èyí, láti inú ìṣirò yìí ló ti jáde.

Ṣé páìpù yẹn lè gba sukúrù?

Ẹ̀gbọ́n kò tíì fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí a kó páìpù púpọ̀ sí i sáàárín àwọn ti tẹ́lẹ̀, kí a wá kan páànù lé wọn. Èrò yẹn kò burú lójú. Mo gé páìpù kan tó gùn bí apá, mo gbé àjákù páànù lé e, mo sì fi dírílì de sukúrù tí ń dá ihò fúnra rẹ̀ lu. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orí páìpù róbótó kì í jẹ́ kí páànù jókòó dáadáa. Ibi tín-ín-rín kan ṣoṣo ni wọ́n ti fara kanra, nítorí náà wáṣà rọ́bà abẹ́ orí sukúrù wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi díẹ̀ kún un kó lè le. Sukúrù náà ń yí, ó ń yí, kò le mọ́. Irin mìlímítà 1 kò ní ẹran tí eyín sukúrù lè bù jẹ. Mo fi ẹ̀mú fà á, ó bá mi jáde pẹ̀lú òrùka irin kékeré lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n gba ẹ̀mú náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fa èkejì fúnra wọn. Wọn ò bá mi jiyàn mọ́.

Mo tún sọ fún wọn nípa títẹ̀. Páìpù tó jẹ́ 38 lóde, tó sì nípọn ní mìlímítà 1, bí ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin onígun mẹ́rin tó jẹ́ 50 sí 50, tó nípọn ní mìlímítà 2, irin onígun mẹ́rin yẹn le láti tẹ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po méje ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju ìlọ́po mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Ojú irin onígun mẹ́rin sì tẹ́jú fún sukúrù. Kí a to páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méje jọ nítorí iṣẹ́ irin kan, òfò ni lójú tèmi.

Ìbéèrè kan tí wọ́n wá béèrè lẹ́yìn náà dára gan-an: "Ṣé a ṣì lè tú u gbé lọ bí mo bá kó kúrò níbí?" Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ra ti inú páálí nìyẹn. Èyí ló mú kí n pinnu pé bóòtù la ó fi so àwọn egungun ńlá pọ̀, a kò ní jó wọn pọ̀. Kọnkéré nìkan ni yóò kù sílẹ̀ bí ọjọ́ bá pé.

Egungun tuntun

A fi òrùlé alápá méjì sílẹ̀, a mú alápá kan tó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní góńgó tí omi lè gbà jò, páànù kọ̀ọ̀kan á sì lọ tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí ìsopọ̀. Láti ẹ̀gbẹ́ tó ga dé èyí tó rẹlẹ̀, òrùlé náà fi sẹ̀ǹtímítà 45 sọ̀kalẹ̀ láàárín mítà 3, ìyẹn bíi dígírì 8 àti ààbọ̀. Páànù onígbì kò gbọ́dọ̀ dín ní dígírì 5, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á máa fà padà sábẹ́ ibi tí wọ́n ti gorí ara wọn.

Òpó mẹ́fà, 75 sí 75, nínípọn mìlímítà 3. Lórí òpó méjì-méjì tó kọjú síra wọn, irin àjà kan tó jẹ́ 100 sí 50, tí a nà ró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí gíga rẹ̀ lè bá títẹ̀ jà. Lórí irin àjà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni a dábùú irin 50 sí 50 márùn-ún, tó fi sẹ̀ǹtímítà 76 jìnnà síra, tó sì gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ní ibi tí òpó àti irin àjà ti pàdé, a fi irin àtìlẹ́yìn kúkúrú dá gẹ̀rẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì, nítorí láìsí i, bóòtù nìkan kò lè dá ilé náà dúró kó má yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Páìpù àtijọ́ ńkọ́? A kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóòlù, a ya èyí tó ṣì ń dún dáadáa sọ́tọ̀, a lu etí wọn pẹlẹbẹ, a dá ihò sí i, a sì fi bóòtù so wọ́n láti ìsàlẹ̀ òpó kan dé orí òpó kejì ní ẹ̀gbẹ́ gígùn méjèèjì. Iṣẹ́ fífà àti títì lásán ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ̀gbọ́n dùn sí èyí ju gbogbo ìṣirò mi lọ.

Díẹ̀ nínú irin náà la jó pọ̀ lọ́dọ̀ wa kí a tó gbé e wá: awo abẹ́ òpó àti etí tí irin ìdábùú ń jókòó lé. Irin tí síńkì wà lára rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fá síńkì kúrò níbi tí ẹ fẹ́ jó, kí ẹ sì ṣe é níta gbangba. Èéfín síńkì máa ń fa ibà àti òtútù lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Ó ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àmọ́ kò sẹ́ni tó yẹ kó fi ṣe eré. Lẹ́yìn jíjó, a fi ọ̀dà tí síńkì kún inú rẹ̀ kun gbogbo ojú ibẹ̀. A dá ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan lókè awo, a sì fi ìdérí ike dí gbogbo ẹnu irin tó ṣí. Omi tó pa àtíbàbà àkọ́kọ́ láti inú kò ní rí ilé gbé níbí.

Ihò àti kọnkéré

Kí a tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́. Níbi púpọ̀, ohun tí èèyàn lè ká gbé kúrò kì í ní wàhálà, ṣùgbọ́n bí kọnkéré bá ti wọlẹ̀, ojú tí wọ́n ń fi wò ó lè yí padà. Wọ́n lọ, wọ́n béèrè. Èsì tí wọ́n mú bọ̀ mú kí a fà á wọ inú díẹ̀ kúrò lẹ́bàá ọgbà, kí omi òrùlé má bàa dà sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò. A tún wá ibi tí páìpù omi gbà kọjá lábẹ́ ilẹ̀, a sì sá fún un.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé ni pé ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kì í pín ẹrù dọ́gba. Ẹsẹ̀ igun ń di ìdajì àlàfo kan mú. Ẹsẹ̀ àárín ń di ìdajì àlàfo iwájú àti ìdajì ti ẹ̀yìn mú, nítorí náà ohun tó ń fà á ń lọ sí ìlọ́po méjì ti igun. Nínú ìjì mítà 35 yẹn, òpó àárín kọ̀ọ̀kan ń kojú bíi kílò 380, òpó igun sì ń kojú bíi 190. Bí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá rí bákan náà, yálà ti igun ti pọ̀ jù tàbí ti àárín kò tó.

Kọnkéré tó fẹ̀ ní mítà 1, tó gùn ní mítà 1, tó sì jìn ní mítà 1 ń wọn nǹkan bíi kílò 2,400. Fún igun, a gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní 40 sí 40, tó sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60: kílò 230 ni kọnkéré inú rẹ̀. Fún àárín, 50 sí 50, jíjìn kan náà: kílò 360. Bí a bá ro gbogbo wọn pọ̀ mọ́ irin àti páànù, ó sún mọ́ kílò 2,000, ìjì náà sì ń fa 1,500. Igun dàbí ẹni pé ó ní àlékún tó pọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti máa ń yí pòòyì.

Àwọn kan máa ń ri òpó sínú kọnkéré tààrà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ibi tí irin àti kọnkéré bá ti pàdé lójú ilẹ̀ ni omi ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni irin á sì ti jẹ. Bóòtù mẹ́rin-mẹ́rin tó nípọn ní mìlímítà 12, tí a tẹ̀ ní ìdí bí ìwọ̀, la rì sínú kọnkéré, orí kọnkéré náà sì yọ sókè ju ilẹ̀ lọ, ó dà gẹ̀rẹ́ kúrò lẹ́bàá òpó. Kí a tó da kọnkéré, a fi táàpù wọn igun dé igun. Bí ẹsẹ̀ igun bá wà ní mítà 3 sí 6 géérégé, ohun tó yẹ kí ẹ rí ní ọ̀nà méjèèjì ni mítà 6.71. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ilé náà ti wọ́, páànù yóò sì fi yín ṣẹ̀sín nígbà tí ẹ bá dé etí ìkẹyìn.

Sìmẹ́ńtì kan, yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan la fi ń rin ín lómi kí a tó gbé òpó lé e. Ẹ̀gbọ́n ń kánjú, mi ò dá wọn lóhùn.

Kíkan páànù

Páànù mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 3.4, ó ń bo sẹ̀ǹtímítà 76 lẹ́yìn tí ó bá ti gorí èkejì ní ìgbì kan ààbọ̀. Òdì kejì ibi tí ìjì ti sábà máa ń wá la ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnu ibi tí wọ́n ti gorí ara wọn lè kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. A kò jẹ́ kí páànù yọ jù sẹ̀ǹtímítà 20 lọ ní etí kankan. Àwọn kan fẹ́ràn kí ó yọ dáadáa kí ó lè ṣíji, ṣùgbọ́n etí tó yọ yẹn ni ìjì máa ń kọ́kọ́ di mú.

Orí ìgbì la ti fi sukúrù lu, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ níbi tí omi ń gbà. Ní irin ìdábùú òkè pátápátá àti ti ìsàlẹ̀ pátápátá, sukúrù pọ̀ ju ti àárín lọ, nítorí ohun tí mo ti sọ nípa etí. Ẹni tó di dírílì mú gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó ń dáwọ́ dúró. Bí wáṣà rọ́bà bá kan fẹ̀ díẹ̀ tó sì kan ojú páànù yí ká, ó ti tó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ títí tí rọ́bà fi pọ́n jáde, yóò là lábẹ́ oòrùn, omi á sì wọlé. Irin mìlímítà 2 gba sukúrù náà mú ṣinṣin, Ẹ̀gbọ́n sì tún mú ẹ̀mú wá láti dán an wò. Kò jáde.

Páànù kan ṣẹ́ kù tí a ní láti gé ní ẹ̀gbẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kan ti gbé máṣíìnì tí ń ta iná, mo ní kó gbé e sílẹ̀. Iná tó ń ta lára irin yẹn, irin gbígbóná ni, ó ń jó wọnú ọ̀dà àti síńkì páànù, láìpẹ́ ibẹ̀ á di àmì ìpẹtà tó-tò-tó. Àlùmọ́gàjí ìgépáànù la fi gé e. Èérún irin tí dírílì hú jáde náà, a gbá a kúrò lórí òrùlé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òrùlé alápá kan ń da gbogbo omi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lórí mítà ìgun mẹ́rin 20, òjò mìlímítà 50 jẹ́ lítà 1,000. Bí a bá jẹ́ kí ìyẹn máa dà sí ìdí kọnkéré mẹ́ta tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn, á gbẹ́ ìdí wọn. A so gọ́tà mọ́ ọn, a sì fi páìpù darí omi náà jìnnà.

Lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí

Ìjì ti kọlù ú. Mo lọ wò ó lẹ́yìn rẹ̀, mo fi sípánà kan gbogbo bóòtù, méjì ní orí òpó ló gba díẹ̀ sí i. Nǹkan mìíràn kò yẹ̀. Ariwo òjò lórí páànù kò ṣeé fi wé ti tápólì, mo ti sọ ìyẹn fún wọn tẹ́lẹ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni ìpè kan tí Ẹ̀gbọ́n pè mí ní àárọ̀: "Àbúrò, òrùlé rẹ ń jò." Òjò kò rọ̀ lóru yẹn. Mo lọ, mo fi ọwọ́ ra abẹ́ páànù, ó tutù, ó sì lómi láti igun dé igun, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ lókè kò ní ihò kankan. Ìrì ni. Ní òru tí ojú ọ̀run bá mọ́, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ á sì di omi lára rẹ̀. Ọkọ̀ tó wọlé tòun ti omi òjò lára ń fi kún un. Páànù kan wà tí wọ́n ti lẹ aṣọ tó ń fa omi mọ́ abẹ́ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Mo ti dárúkọ rẹ̀ nígbà tí a ń yan páànù, wọ́n sì ní ibi tó ṣí sílẹ̀ gbayawu kò nílò rẹ̀. Èyí tí a wá ṣe ni pé a lẹ fóòmù olójú dídán mọ́ abẹ́ páànù, láàárín irin ìdábùú kan sí èkejì, níbi tí ọkọ̀ ń dúró sí nìkan. Omi kò kán sílẹ̀ mọ́ níbẹ̀. Ooru ọ̀sán náà dín kù, èyí tí a kò tiẹ̀ torí rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan ló ṣì wà láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a fi páànù bo ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo ti kọ̀ fún ìgbà yìí. Bí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta bá dí tí iwájú sì ṣí, afẹ́fẹ́ tó bá wọlé kò ní rí ọ̀nà jáde. Yóò máa ti òrùlé láti abẹ́, èyí tó ń gorí òrùlé kọjá yóò sì tún máa fà á láti òkè. Kọnkéré tí a dà kò ṣírò ti ìyẹn mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ṣì fẹ́ ẹ, ẹsẹ̀ àárín méjèèjì la ó kọ́kọ́ tún gbẹ́, kí a fẹ kọnkéré wọn, kí irin àtìlẹ́yìn ẹ̀gbẹ́ sì kúrò ní páìpù àtijọ́. Wọ́n ní àwọn ń rò ó.